Ọwọ́ Tó Wà Lára Ògiri Ilé Bọ́láwájí

“Delphine, ṣé ẹ ò ní aṣọ ìnuwọ́ nílé yín ni?”

Elvire, ọ̀rẹ́ Delphine, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó na ìka sí ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Ilé Bọ́láwájí. Wilfried, ẹlẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì, tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú ilé, bú sẹ́rìn-ín.

“Wọ́n ní aṣọ ìnuwọ́ kẹ̀,” ni Wilfried wí. “Ọbẹ̀ ilé wọn ló pọ̀ jù. Wọ́n nu ún títí, aṣọ kò gbà á mọ́, ni wọ́n bá kọjú sí ògiri.”

Delphine bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Fóònù Martial, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbé e sókè láti ya fọ́tò ilé náà, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé ni olùkọ́ wọn, Mùsé Séverin, fún wọn níṣẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya fọ́tò ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò rẹ̀ nínú ìlú wọn, Sakété, kí ó sì kọ ojú ewé kan nípa ohun tí àwọn ará ilé náà bá sọ fún un. Àwọn fọ́tò mẹ́wàá tó bá dára jù ni wọn yóò tẹ̀ sórí ìwé ńlá, tí wọn yóò gbé kọ́ ní ọjọ́ tí àwọn òbí bá wá sí ilé ẹ̀kọ́. “Àwọn ilé àtijọ́ wa ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan,” ni Mùsé Séverin wí. “Kí wọ́n tó wó tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.”

Bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ náà tán, gbogbo kíláàsì ló yíjú sí Delphine. Ta ni kò mọ Ilé Bọ́láwájí? Ilé alámọ̀ ni, ó sì tún jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bọ́láwájí, tí ó bí bàbá bàbá Delphine, ni ó kọ́ ọ nígbà tí ó ń ta epo pupa. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè dùbúlẹ̀ sójú fèrèsé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ síta. Ìrókò ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìrókò mìíràn, èyí tó wà láàyè, dúró níwájú rẹ̀. Ní àkókò yìí tí òjò àkọ́rọ̀ ti sún mọ́lé, ewé tuntun ti ń yọ lórí igi náà, ó rí tútù yọ̀yọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run a ṣú dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn a gbé erùpẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà ohun gbogbo a tún tú ká, bí ẹni pé òjò ń wo ìlú náà bóyá ó ti tó àkókò.

Ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ìṣòro. Láti ìbàdí ènìyàn títí dé orí, ipa àtẹ́lẹwọ́ ló kún ibẹ̀, ní ìlà mẹ́ta. Àwọn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, àwọn kan jin wọnú amọ̀ bí ojú àwo. Delphine kò béèrè rí nípa wọn. Ohun tó mọ̀ ni pé lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé a máa po amọ̀ pupa mọ́ omi tí wọ́n rẹ èèpo igi irú sí, wọn a fi rẹ́ gbogbo ara ilé náà kí òjò má baà jẹ ẹ́. Ọkùnrin kì í bá wọn ṣe é. Àwọn ọmọbìnrin ilé pàápàá kì í bá wọn ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ ni Delphine máa ń wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrẹ́lé. Ó rò pé bí wọ́n bá parí iṣẹ́ ni wọ́n ń nu ọwọ́ wọn síbẹ̀.

Láràárọ̀, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá Delphine, tí ó tọ́ ọ dàgbà, a máa gbé ọwọ́ lé ògiri náà kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Delphine rò pé orúnkún tó ń dùn wọ́n ni wọ́n fi ń sinmi.

“Bí mo bá jẹ́ ìwọ,” ni Elvire wí, “màá bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilé tó rẹwà báyìí, àfi bí ẹni tó wọ aṣọ ọdún tí ẹnu rẹ̀ kún fún epo.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Delphine lára.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá Àgbà lọ sí Takon, níbi tí wọ́n ti ń sin àbúrò wọn. Wọn yóò lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ti lọ sóko. Aládùúgbò kan tó ń kọ́lé ní ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù, nígbà tí Delphine sì bẹ̀ ẹ́, ó ní kí ó máa gbé e lọ. Elvire ló bá a po sìmẹ́ńtì mọ́ yanrìn.

“Ṣé Ìyá Àgbà ò ní bá ẹ wí?”

“Wọ́n á dúpẹ́ ni,” ni Delphine wí. “Ọdún wo ni wọ́n ti ń wo ìdọ̀tí yìí?”

Wọ́n mú pákó pẹlẹbẹ, wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì náà mọ́ ògiri gbígbẹ náà, ó nípọn tó ìka ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ kan wọlẹ̀, òmíràn wọlẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa yí sí ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ti dán bí ojú síléètì. Delphine lọ dúró lábẹ́ ìrókò, ó ya fọ́tò. Ó dára! Wilfried wò ó, ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n, ó ti di ilé èèyàn.” Inú Delphine dùn débi pé kò lè jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Martial fi alùpùpù gbé Ìyá Àgbà dé. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń kí ará ilé, wọ́n sì na ọwọ́ sí ògiri bí ìṣe wọn. Ọwọ́ wọn balẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

Ìyá Àgbà dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ lọ sí òsì, wọ́n gbé e lọ sí ọ̀tún, wọ́n ń fi ìka wá a, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni, Ìyá Àgbà. Mo ní kí ilé wa lè dára nínú fọ́tò ni.”

Wọn kò pariwo. Ì bá sàn bí wọ́n bá pariwo. Wọ́n rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn bí àpò tí wọ́n tú ohun inú rẹ̀ dànù. Màmá Fàrídà, tí ó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé, sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ògiri, ó ká ọwọ́ lérí.

“Yéè! Mo dé láti oko, ilẹ̀ ti ṣú, n kò mọ̀. Lánàá àti lónìí, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà jáde. Delphine, o ti bo gbogbo wa lójú!”

“Màmá Fàrídà, kí ni mo ṣe?”

Ìyá Àgbà ló dáhùn. “Jókòó,” ni wọ́n wí. “Ọjọ́ ìgbéyàwó ni ọkọ ń mú ìyàwó wọ ilé yìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìrẹ́lé ni ilé ń gbà á. Bí ìyàwó tuntun bá bá wa rẹ́lé fún ìgbà àkọ́kọ́, tí iṣẹ́ parí, a máa fi amọ̀ tútù lé ibẹ̀, yóò tẹ ọwọ́ rẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í rẹ́ amọ̀ lé e mọ́. Ọwọ́ ìyàwó àkọ́kọ́ tí Bọ́láwájí fẹ́ ló wà nítòsí ilẹ̀kùn. Ìyá ọkọ mi, ìyàwó rẹ̀ kejì, tẹ̀ lé e. Tèmi wà ní ìlà kejì. Mẹ́tàlélógún ni gbogbo wọn.”

Ohùn wọn wá rẹlẹ̀.

“Èyí tó kẹ́yìn ní ìlà kẹta, Béatrice ló ni ín.”

Delphine mọ orúkọ náà. Béatrice, ọmọ Pobè. Ìyá rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjì ni Delphine nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà tẹ́lẹ̀, òjò wọ inú àpótí, ó jẹ ojú rẹ̀ tán, bàtà nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé, “Ọrùn ìyá rẹ lo gbé wá,” tàbí, “Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.” Delphine a wo dígí títí, kò rí ẹnikẹ́ni àfi ara rẹ̀. Fún ọdún mẹ́tàlá, ó ti ń wá ohun kan, ohun kékeré kan, tí ara ìyá rẹ̀ ti kàn. Ohun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ti ń kọjá lára rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Òun fúnra rẹ̀ sì ti fi sìmẹ́ńtì dí i.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?” Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹnu mi kò gbà á ni,” ni Ìyá Àgbà wí. “Oyún rẹ wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ ọwọ́ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín pé amọ̀ náà tutù. Àgbà kì í sin ọmọ kí ó tún máa fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ rẹ̀ láràárọ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń kí i. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀.”

Delphine fò dìde, ó sáré lọ mú àdá.

“Gbé e sílẹ̀!” Ohùn Ìyá Àgbà dún bí ààrá. “Bí o bá ha á, amọ̀ yóò bá a lọ, a ó pàdánù gbogbo rẹ̀.” Wọ́n fi ìka kan sìmẹ́ńtì náà, ó dún kò-kò-kò, bí ìgbà tí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn. “Ṣé o fi omi rin ògiri kí o tó rẹ́ ẹ?”

“Rárá, Ìyá Àgbà.”

“Àìmọ̀ rẹ lè gbà wá nìyẹn. Amọ̀ gbígbẹ kì í di sìmẹ́ńtì mú dáadáa. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ yóò mu omi, yóò wú, sìmẹ́ńtì kò ní lè bá a wú. Yóò bọ́. Bóyá yóò bọ́ wẹ́rẹ́, bóyá yóò ya ara ògiri lọ, n kò lè sọ. Ó di ọwọ́ òjò.”

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ Delphine ni kí ó máa wo ojú ọ̀run. Ọjọ́ Àìkú kọjá, òjò ṣú, kò rọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, Mùsé Séverin rán wọn létí pé ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gba fọ́tò.

“Ìwọ ti ní tìrẹ,” ni Elvire sọ fún un. “Mú èyí tó wà lórí fóònù yẹn lọ. Kí o sì kọ ohun tí Ìyá Àgbà sọ nípa Bọ́láwájí. Ta ló máa mọ̀?”

Delphine ṣí fọ́tò náà wò. Ó ṣì rẹwà. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ó dà bí ojú ènìyàn tí wọ́n fi ọwọ́ bo lẹ́nu. Ó pa fóònù náà.

Ọjọ́rú ni òjò dé. Oòrùn ṣì ń ràn ní ọ̀sán nígbà tí atẹ́gùn dìde láti ọ̀nà ìlú Yoko, ó tẹ ìrókò náà ba, ó ká páànù kan kúrò lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi já wọlé lu ògiri. Màmá Fàrídà ké sí àwọn ìyàwó ilé yòókù, wọ́n sì sáré jáde pẹ̀lú ẹní. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri ní ìpele-ìpele, wọ́n tún fi ọwọ́ na òmíràn sókè, kí ohun tó bá bọ́ lè balẹ̀ sórí ohun rírọ̀. Delphine dúró sẹ́yìn, kò mọ ibi tí yóò fi ara sí.

“Kí lò ń wò?” ni Màmá Fàrídà ké mọ́ ọn. “Ọmọ ilé kì í dúró níbi ìrẹ́lé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó da omi nù ló ń lọ pọn ọ́n. Wá di etí ẹní mú!”

Ó dì í mú. Omi ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Wọ́n dúró pẹ́, apá ń ro wọ́n. Lẹ́yìn náà ohun kan sán láàárín ògiri, páà! Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáré gba ojú sìmẹ́ńtì kọjá. Ègé àkọ́kọ́ bọ́ nísàlẹ̀, ó sì fọ́ yángá. Amọ̀ pupa lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ihò ńlá ló kù lára ògiri.

“Ọwọ́ ìyá ọkọ mi,” ni Ìyá Àgbà wí pẹ̀lẹ́.

Òmíràn bọ́, ó gbé amọ̀ lọ. Òmíràn bọ́, amọ̀ dúró. Ojú Delphine wà ní ìpẹ̀kun ìlà kẹta. Níbẹ̀, ègé ńlá kan ń yọ́ kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀, bí èèpo iṣu tó jinná. Ó tẹ̀ síwájú. Ó dúró díẹ̀. Ó já bọ́ sórí ẹní tó wà lọ́wọ́ Delphine, ó wúwo, kò fọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sókè.

Ọwọ́ kan wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ihò ọwọ́ bí ti ara ògiri. Ọwọ́ gan-an ni, tó yọ síta, tó ní ẹran, tó kún. Sìmẹ́ńtì tútù ti wọ inú ipa náà lọ, ó sì ti gba gbogbo ohun tí amọ̀ ti pa mọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Àtẹ́lẹwọ́ náà yọ, ìka márùn-ún yọ. Àwọn ìlà inú ọwọ́ ń dán fún omi. Ìka tó kéré jù tẹ̀ sínú díẹ̀ ní orí, bí ẹni tó fẹ́ pe ènìyàn.

Òjò ń lu páànù. Màmá Fàrídà yọ gèlè orí rẹ̀. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀, àwọn tí orúnkún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀.

“Béatrice,” ni wọ́n wí. Ọdún mẹ́tàlá ni wọn kò tíì pe orúkọ náà báyìí, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pe ẹni tó wà nínú yàrá kejì. “Béatrice, ìwọ rèé.”

Delphine gbé ọwọ́ tirẹ̀ wò. Ìka rẹ̀ tó kéré jù tẹ̀ sínú díẹ̀ ní orí. Wọ́n ti máa ń fi í ṣe ẹlẹ́yà ní ilé ẹ̀kọ́. Ó rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ inú sìmẹ́ńtì náà, ìka lórí ìka. Wọ́n dọ́gba. Ó tutù ní àkọ́kọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́wọ́ọ́rọ́.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n ka ohun tó kù. Lára àwọn mẹ́tàlélógún, mẹ́sàn-án ti lọ, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn padà. Mẹ́rìnlá ṣì wà lára ògiri, ti Béatrice wà nínú wọn. Ẹ̀sùnsún ti ń jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n ń fò lọ sókè nínú ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ràn lé ilé náà lórí, ògiri rẹ̀ pupa bí ẹran ara, ewé ìrókò ń kán omi. Delphine ti ń gbé nínú ilé náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ rí i. Ọwọ́ ló kọ́ ọ. Ọwọ́ ló sì ń gbé e dúró lọ́dọọdún.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ Martial. Ó ya ògiri náà bó ṣe rí, pẹ̀lú ihò rẹ̀, pẹ̀lú ọgbẹ́ rẹ̀, àti Ìyá Àgbà tí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọwọ́ sìmẹ́ńtì náà lórí itan. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó kọ ojú ewé rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni: “Èmi ni mo ba ògiri yìí jẹ́, nítorí ojú ń tì mí.”

“Wọ́n á fi ẹ́ rẹ́rìn-ín!” ni Elvire wí nígbà tó kà á.

“Kí wọ́n rẹ́rìn-ín.”

Elvire wo ilẹ̀. “Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo bá ẹ po sìmẹ́ńtì,” ni ó wí.

Fọ́tò Wilfried, ti ìsọ̀ epo àtijọ́ kan, ló gba ipò kìíní. Ti Delphine ṣe ìkẹrin. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àwọn òbí wá, iwájú tirẹ̀ ni àwọn ènìyàn pọ̀ sí jù. Mùsé Séverin dúró níbẹ̀, wọ́n ń ka ojú ewé náà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ìyá arúgbó kan láti Yoko gbọ́ ọ tán, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé orí ìwé náà. “Nílé wa náà,” ni ó wí, “ọwọ́ wa wà níbẹ̀.” Ó yíjú sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. “Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ wá bi mí lọ́la.”

Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ohun tí Delphine pè ní ìdọ̀tí ni àkísà ilé wọn, iye rẹ̀ sì ju aṣọ tuntun lọ. Ojú ọ̀rẹ́ ló fi wo ilé bàbá rẹ̀, ojú olójú kò sì jọ ojú ẹni. Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹlòmíràn mú yín tijú ohun tó jẹ́ ti ilé yín, ẹ kọ́kọ́ bi àgbà léèrè ọwọ́ ẹni tó fi í síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe náà, ẹ má fi àṣìṣe kejì bò ó. Ẹ jẹ́wọ́.

Lónìí, bí ẹ bá gba iwájú Ilé Bọ́láwájí kọjá ní òwúrọ̀, ẹ óò rí ọmọbìnrin kan tó gbé àpò ìwé kọ́ èjìká. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, a gbé ọwọ́ lé ìpẹ̀kun ìlà kẹta.

“Ẹ káàárọ̀, màmá mi,” ni yóò wí sókè ketekete. Ìyá Àgbà, tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì dáhùn dípò Béatrice.